Orí Kẹfà: Mélòó Ló Kù Nínú Agbára Rẹ̀? Bí Bàálù Aláìláwakọ̀ Ṣe Ń Fi Ìṣirò Mọ Àléébù Ara Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, bàálù akẹ́rù C-130 kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà ní Èkó, ó dorí kọ apá Kàdúná. Kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lófurufú. Ìròyìn tó jáde lórí ọ̀ràn náà sọ pé mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló kọṣẹ́, tí bàálù náà fi já sínú irà létí kánààlì Èjìgbò, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150. Kò sẹ́ni tó yè. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ogun tó wà ní Jaji.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, bàálù akẹ́rù Boeing 747 ti iléeṣẹ́ El Al gbéra ní Schiphol, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Ó ṣì ń gòkè lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kẹta já kúrò lábẹ́ apá ọ̀tún, ó kọ lu ẹ́ńjìnnì kẹrin, àwọn méjèèjì sì bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ni wọ́n ya etí iwájú apá náà. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì méjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà kò sí lára apá mọ́ rárá, wọn kò sì mọ bí apá fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ tó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi ń tukọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè padà sí pápákọ̀. Ìgbà tí wọ́n dín eré kù láti balẹ̀ ni apá ọ̀tún kò lè gbé ìwúwo mọ́. Bàálù náà dojú dé, ó sì já lu ilé alájà púpọ̀ ní Bijlmermeer, àdúgbò kan ní Amsterdam tí ọ̀pọ̀ ọmọ Suriname àti ọmọ Gánà ń gbé. Ènìyàn 43 ló kú, 39 nínú wọn kò sí nínú bàálù. Ilé wọn ni wọ́n wà.

Àkọsílẹ̀ ìrìnàjò tí wọ́n rí nínú ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù El Al náà ti di ohun èlò ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé. Ní 2003, Jan Maciejowski àti Colin Jones ní Yunifásítì Cambridge fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìrìnàjò El Al náà. Wọ́n fi hàn pé ètò ìdarí kan tó ń yẹ gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ wò, tó sì ń yan èyí tó dára jù, lè tukọ̀ bàálù tó fara pa bẹ́ẹ̀, tí ètò náà bá ti mọ ohun tó bàjẹ́ àti bó ṣe bàjẹ́ tó. Láti 2004 sí 2008, ẹgbẹ́ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù tún jókòó ti ìjàǹbá yìí kan náà, wọ́n sì fi í ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ọgbọ́n tuntun tí wọ́n bá dá.

Orí ọ̀rọ̀ tí Maciejowski àti Jones fi kún un yẹn, «tí ètò náà bá ti mọ», ni gbogbo orí yìí dúró lé. Ìkìlọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ kò ràn ẹni tó wà lófurufú lọ́wọ́ púpọ̀. Ohun tó nílò ni iye tó kù: ìdá mélòó nínú agbára ẹ́ńjìnnì yìí, ìdá mélòó nínú iṣẹ́ apá yẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí àkókò tó lọ.

Nígbà tí kò sí awakọ̀

Nínú bàálù tó ní awakọ̀, etí ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ìdí ń mọ̀ bí àga ṣe ń gbọ̀n, ọwọ́ ń mọ̀ bí ìdarí ṣe wúwo. Bàálù aláìláwakọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní dírónù, kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lè wà ní kìlómítà púpọ̀ sí i, ó sì lè máà sí ẹni tó ń darí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà rárá. Bí ìròyìn àléébù bá ní láti kọ́kọ́ dé ilẹ̀, kí ẹnì kan rò ó, kí èsì tó padà, dírónù ti lè já bọ́. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ wà nínú dírónù fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí aṣọ lójú Gulma, bàálù aláìláwakọ̀ ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ní Kàdúná. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tsaigumi. Iléeṣẹ́ Zipline, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rwanda ní 2016, tó sì dé Gánà ní 2019, ti ń fi dírónù kó oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Kàdúná láti 2022. Dírónù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní apá gbọọrọ àti ẹ́ńjìnnì méjì. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì ṣì lè gbé e. Bí gbogbo ọ̀nà bá dí, páráṣúùtì á ṣí, á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò pinnu pé ọ̀nà ti dí? Páráṣúùtì tó ṣí lórí oko ọkà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fojú inú wo Òṣòdì ní aago méje àárọ̀: ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní 2019, afárá tí ẹsẹ̀ kì í dá lórí rẹ̀, ọjà, ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì tó lọ sí Àpápá. Kí ó wo Mafoluku àti Ajao Estate tí wọ́n bá pápákọ̀ òfurufú pààlà, tí bàálù ńlá ń kọjá lórí òrùlé wọn tọ̀sán-tòru. Dírónù tó bá sọ agbára nù níbẹ̀ kò ní ibi tí yóò bọ́ sí tí ènìyàn kò sí. Òfin wà: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi dírónù ṣòwò ní Nàìjíríà láìgba ìyọ̀ǹda NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, ẹ̀ṣọ́ sì pọ̀ gan-an láyìíká pápákọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda kì í so ẹ́ńjìnnì ró. Bí dírónù yóò bá fò lórí àwọn àdúgbò yìí lọ́jọ́ iwájú láti gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Ìsọlọ̀, ó gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè tó wà ní àkọlé orí yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀

Kí a mú dírónù kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 2. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀ pẹ̀lú ipá Newton 19.6. Bí ó bá dúró sójú kan lófurufú, abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gbé Newton 4.9.

Kọ̀ǹpútà inú dírónù mọ ohun méjì. Ó mọ àṣẹ tí ó pa fún abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó sì mọ bí ara dírónù ṣe dáhùn, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ ń wọn bó ṣe ń yára sí i àti bó ṣe ń yí. Láti inú ìwọ̀n wọ̀nyí ni ó ti lè ṣírò ipá tó jáde ní igun kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ àti ìdáhùn ni àléébù ń gbà yọjú.

Ẹ jẹ́ ká pe ìdá agbára tó kù nínú abẹ̀bẹ̀ kan ní K. Bí K bá jẹ́ 1, ara abẹ̀bẹ̀ náà dá ṣáṣá. Bí K bá jẹ́ 0, ó ti kú. Ohun tí a retí pé kí ó jáde ni K tí a fi lọ́po àṣẹ. Ká ní kọ̀ǹpútà pàṣẹ Newton 4.9, 5.5, 6.0 àti 5.2 tẹ̀léra fún abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún iwájú, tí ìwọ̀n tó sì wá láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ jẹ́ 3.8, 4.5, 4.7 àti 4.1. Èwo ni K?

Kò sí K kan ṣoṣo tó bá ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu rẹ́gí, nítorí sẹ́ńsọ̀ kì í sòótọ́ délẹ̀ tán. Ìgbọ̀nrìrì dírónù fúnra rẹ̀ ti tó láti dà á láàmú. Ohun tí à ń wá ni K tí yóò mú kí àpapọ̀ àṣìṣe kéré jù. A ó yọ ohun tí a retí kúrò nínú ohun tí a rí, a ó fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀ kí òdì má bàa pa rere rẹ́, a ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá gbà pé K jẹ́ 1, àpapọ̀ náà jẹ́ 5.11. Ní 0.9, ó wálẹ̀ sí 1.40. Ní 0.7, ó jẹ́ 1.02. Ní 0.79, ó di 0.03 péré. Ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ àfonífojì ìṣirò wa. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò fi àṣẹ kọ̀ọ̀kan lọ́po ìwọ̀n rẹ̀, yóò ro wọ́n pọ̀ (92.89), yóò wá fi àpapọ̀ àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí a fi lọ́po ara rẹ̀ (117.30) pín in. Abẹ̀bẹ̀ náà ti sọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ nù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1801, Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì tí kò tíì pé ọdún 25, ṣírò ibi tí Ceres wà, ohun kékeré ojú ọ̀run kan tí Giuseppe Piazzi rí lọ́jọ́ kìíní ọdún náà, tó sì tún sọnù. Ìwọ̀n díẹ̀ tí Piazzi kọ sílẹ̀ ló fi ṣe é, àwọn onímọ̀ sì rí Ceres padà nítòsí ibi tó júwe kí ọdún tó parí. Gauss ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti fi jókòó ti ìwé rẹ̀. Dírónù kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ.

Ṣé afẹ́fẹ́ ni àbí ẹ́ńjìnnì?

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù nìyí, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó dúró sí pẹ́.

Èkó kì í ṣe yàrá ìdánwò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò, ìjì máa ń ti ìlà oòrùn wá lójijì. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ ojú-ọjọ́ NiMet wà ní Òṣòdì gan-an, àwọn tó sì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láàárín ilé gíga méjì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ń fẹ́ ní gbangba. Afẹ́fẹ́ tó ń ti igun dírónù kan wálẹ̀ lè jọ ẹ́ńjìnnì tó ti ń rẹ̀.

Kí a fi Y dúró fún ipá afẹ́fẹ́, tí a ó rò mọ́ K tí a fi lọ́po àṣẹ. Bí àṣẹ dírónù kò bá kúrò ní 4.9, tí ìwọ̀n sì ń jẹ́ 3.8 ní gbogbo ìgbà, ìtumọ̀ méjì ló ṣeé ṣe. Bóyá ẹ́ńjìnnì dá ṣáṣá, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì í wálẹ̀ pẹ̀lú Newton 1.1. Bóyá kò sí afẹ́fẹ́ rárá, tí K sì ti wálẹ̀ sí 0.78. Láàárín méjèèjì yìí, àìmọye ìdáhùn mìíràn wà. Kò sí bí ìṣirò ṣe lè gbọ́n tó tí yóò fi yan èyí tó tọ̀nà, nítorí pé ohun tí yóò fi yàn án kò sí nínú ìwọ̀n tí wọ́n kó fún un.

Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ ti rí ojútùú rẹ̀. Mẹkáníìkì kì í fi ìró ẹ́ńjìnnì tó dúró jẹ́jẹ́ sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Á ní kí awakọ̀ tẹ iná, kó sọ ọ́ sílẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà dírónù ṣe gbọ́dọ̀ máa yí àṣẹ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, lọ sókè lọ sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti rẹ̀, ìyàtọ̀ á máa pọ̀ sí i bí àṣẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ìyàtọ̀ náà á dúró bákan náà, ì báà jẹ́ àṣẹ ńlá tàbí kékeré. Ìgbà yẹn ni K àti Y á pín yà. Ohun tó ń ṣòro fún ẹni tó ń ṣe ètò náà ni pé ìyípadà tó pọ̀ jù á mú dírónù mì, á sì jẹ bátìrì rẹ̀. Èyí tó kéré jù kò ní fi nǹkan kan hàn.

Bátìrì pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Bí iná inú rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, agbára abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tó gbọ́n á rí i pé K mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sọ̀ kalẹ̀, kò ní fẹ̀sùn kan ẹ́ńjìnnì kankan. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ gan-an ló ń purọ́. Hẹlikópítà kékeré Ingenuity, tí NASA gbé lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, pàdánù sẹ́ńsọ̀ tó fi ń mọ bí ara rẹ̀ ṣe dagun kí ó tó gbéra. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn onímọ̀ fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí i, kí ó máa fi ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ mìíràn ṣírò ohun tí èyí tó kú ń sọ tẹ́lẹ̀. Ó tún fò, ó sì ń fò lọ títí di oṣù Kìíní 2024.

Kọ̀ǹpútà tó kéré, àkókò tó kúrú

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dírónù ń lò títí di òní wá láti ọwọ́ Rudolf Kalman, tó gbé e jáde ní 1960. Ìmọ̀ràn rẹ̀ rọrùn fún kọ̀ǹpútà: ìfojúdíwọ̀n tó kẹ́yìn àti bó ṣe dájú tó nìkan ni kí ó fi pamọ́, bí ìwọ̀n tuntun bá dé, kí ó fi tún un ṣe. Àwọn ètò tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, bíi PX4 àti ArduPilot, ń lo irú rẹ̀. Ó yára, ó sì ti fi ara hàn. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, kò mọ ààlà. Ó lè sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ní ìdá 1.2 agbára rẹ̀, tàbí pé ó ní kò-tó-òdo, ohun tí ẹ̀rọ kankan kò lè ní.

Ìṣirò àṣàyàn tí orí yìí ń kọ́ni, èyí tó ń wá ìdáhùn tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń pa ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sẹ́yìn mọ́, bí ẹni tí fèrèsé àkókò ṣí níwájú rẹ̀. Bí ìwọ̀n tuntun ṣe ń wọlé ni èyí tó pẹ́ jù ń jáde. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àwọn K àti Y tó bá gbogbo ohun tó wà nínú fèrèsé náà mu jù, lábẹ́ òfin pé K kò gbọ́dọ̀ kọjá 1, kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 0 lọ. A tún lè fi ọgbọ́n ayé kún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ́ńjìnnì méjì bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà. Nítorí náà, a lè bu owó ìtanràn lé ìdáhùn tó bá ń fẹ̀sùn kan ẹ́ńjìnnì púpọ̀, kí ìṣirò má ṣe tètè gbà á.

Gbogbo èyí ní iye tó ń náni. Bí fèrèsé bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, tí ìwọ̀n sì ń wọlé nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n 100 ló wà nínú rẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ jáde kí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Pixhawk, pátákó ìdarí dírónù tó ti Yunifásítì ETH Zurich wá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò káàkiri, kò lágbára tó fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra iṣu ní ọjà Òṣòdì. Ọgbọ́n méjì ló mú un ṣeé ṣe. Èkíní ni pé a kì í bẹ̀rẹ̀ wíwá láti òfo: ìdáhùn tó jáde ṣáájú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ara ẹ́ńjìnnì kì í sábà yí padà láàárín àkókò tó kúrú bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ètò tó ń kọ ètò. Jacob Mattingley àti Stephen Boyd ní Yunifásítì Stanford ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní CVXGEN: ènìyàn á júwe ìṣirò rẹ̀, CVXGEN á sì kọ kóòdù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe ìṣirò yẹn nìkan, láìgbé ẹrù tí kò kàn án.

Lẹ́yìn tí ìdáhùn bá jáde

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ̀ pé K jẹ́ 0.79, ó lè gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà fún àwọn yòókù, kó dín eré kù, kó sì yan ibi ìbalẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Bí K bá di 0, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò ì tíì parí. Ní 2014, Mark Mueller àti Raffaello D'Andrea ní Zurich fi hàn pé dírónù abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó pàdánù ọ̀kan, méjì, àní mẹ́ta, ṣì ṣeé darí, tí ó bá gbà láti máa yí ara rẹ̀ bí òkòtó bó ṣe ń fò. Ní 2008, iléeṣẹ́ Rockwell Collins ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ju nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún apá kan nù kúrò lára bàálù aláìláwakọ̀ kékeré kan lófurufú. Ètò inú rẹ̀ tún ara ṣe, ó sì balẹ̀ fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìsọlọ̀ tàbí Èjìgbò kò gbọ́dọ̀ dán èyí wò ní gbangba. Pápákọ̀ òfurufú ti sún mọ́ ọn jù. PX4 ní ètò àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán, níbi tí a ti lè pa ẹ́ńjìnnì kan, kí a sì wo ohun tí ìṣirò yóò sọ. Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ àṣetiléwá yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Dírónù kílógíráàmù 2 tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ń fò ní apá Òkòta. Àṣẹ tó pa fún abẹ̀bẹ̀ òsì ẹ̀yìn jẹ́ Newton 5, 6 àti 7. Ìwọ̀n tó padà wá jẹ́ 3.5, 4.1 àti 4.7. Wá K àti Y. Abẹ̀bẹ̀ tó dá ṣáṣá nínú irú dírónù yìí kò lè gbé ju Newton 9 lọ. Ṣírò ohun tó pọ̀ jù tí abẹ̀bẹ̀ òsì ẹ̀yìn lè gbé nísinsìnyí bí afẹ́fẹ́ yẹn bá dáwọ́ dúró, fi wé 4.9 tí a nílò láti dúró lófurufú, kí o sì kọ ohun tí ó yẹ kí dírónù náà ṣe bí ó bá ku kìlómítà kan kí ó dé ilé ìwòsàn, tí pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ṣófo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.